Ejò Olóró Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbà pé ejò olóró ti bá igbó lọ. Lójú wọn, ẹni tó bá fẹ́ rí i báyìí, àfi kó lọ sí Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn, nínú igbó ọba Omo tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé lọ́dún 1977. Òótọ́ ni pé àwọn ejò kan wà tí kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ igi ńlá. Ṣùgbọ́n sèbé kò bá igbó lọ ní tirẹ̀. Oko pákí, ìdí ọ̀pẹ, ààtàn, ẹ̀yìn ilé tí a ti ń yan gàrí, gbogbo rẹ̀ ló bá a lára mu, nítorí ibi tí eku bá ti ń jẹun ni òun náà ti ń wá oúnjẹ.

Ọká inú oko kòkó

Ẹ wọ oko kòkó tó ti pẹ́, kí ẹ wo ilẹ̀. Ewé tó wọ́ sílẹ̀ nípọn débi pé erùpẹ̀ kì í hàn. Àárín ewé yìí ni ọká máa ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án. Ó sanra, orí rẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ sì bá ti ewé gbígbẹ dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró ní ìṣísẹ̀ kan sí i láìrí i. Ìró ẹsẹ̀ kì í sábà lé e. Ibi tó wà náà ni yóò wà títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ọwọ́ á fi kàn án. Eyín rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí ejò mìíràn láyé tí eyín rẹ̀ gùn jù ú lọ.

Ẹni tó ń ṣa kòkó, ọ̀pá ni kó fi tú ewé kó tó nawọ́. Kó wọ bàtà rọ́bà tó ga. A máa ń rí ilé tí bàbá ti wọ bàtà lọ sóko, tí ọmọ tó ń tẹ̀ lé e sì wà lẹ́sẹ̀ lásán. Èyí ń dùn wá púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí bàtà ọmọ kò bá sí, kí ọmọ dúró sílé.

Sèbé inú ilé

Lóru, sèbé máa ń tọ eku, ọmọ adìyẹ àti ẹyin wọlé, ó sì lè bu ẹni tó sùn sórí ẹní ṣán. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní dáadáa ń dènà òun náà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbé àpò gàrí kúrò nílẹ̀, ẹ dí ihò ara ògiri, ẹ má to igi ìdáná ti ara ilé. Ẹni tó bá ń lọ ṣe gáà lóru, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Sèbé kan tún wà tó ń tu oró láti òkèèrè, ojú ènìyàn ló sì ń tu ú sí. Bó bá kan ojú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án léraléra, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má kán àgbo tàbí epo sí i, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ojú tí a kò tọ́jú lè fọ́.

Bí ejò bá ti bu ènìyàn ṣán

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń ṣòfò. Wọ́n á fi okùn di ẹsẹ̀ pinpin, wọ́n á fi abẹ sín in, ẹlòmíràn á fẹnu fa ẹ̀jẹ̀. Okùn lè pa ẹran ara ẹsẹ̀ náà títí a ó fi gé e. Ní ti abẹ, oró ọká àti paramọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ojú ibi tí ẹ sín á wá máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ẹ gbé ẹni náà kúrò nítòsí ejò, kó má rìn, kó má sáré. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má baà máa mì, kí ẹ sì gbéra. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló wà, ẹ fi í sáàárín, kí ẹnì kan di í mú lẹ́yìn. Ẹ má lé ejò kiri.

Nílé ìwòsàn, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí ìpéǹpéjú aláìsàn bá ń wó, tí ahọ́n rẹ̀ sì wúwo, èémí rẹ̀ wà nínú ewu, bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ wú.

Abẹ́rẹ́ wà tó ń pa oró. EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, ń ṣiṣẹ́ fún paramọ́lẹ̀ àti sèbé tí ń tutọ́. EchiTAbG ní tirẹ̀, ejò kan tó wọ́pọ̀ lápá Àríwá nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, ẹ má ra abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì kí ẹ fi gún ara yín. Ó tún lè gbòdì lára, ojú dókítà ló yẹ kí a ti gbà á.

A kò bá àwọn bàbá oníṣègùn wa jà. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n ní kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn, nítorí wákàtí tó bá ti kọjá kò ṣeé rà padà.

Lónìí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín àti ti ọlọ́kadà àdúgbò sára ògiri, níbi tí ọmọ tó mọ̀wé kà ti lè rí i.