Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Owó Ibodè Ló Yàtọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, a ó fi tù ú nínú. Bí ọmọ kan bá ní òun kò ṣe iṣẹ́ báńkì mọ́, aṣọ rírán ló wu òun, a ó fi gbè é lẹ́yìn. Òótọ́ sì ni òwe náà. Àmọ́ ohun kan wà tí kò sọ, bóyá nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ pa á mọ̀ ọ́n débi pé wọn kò rí i bí ohun tí ó yẹ kí ẹnu sọ: oníbodè wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohun tí oníbodè kan ń gbà kọ́ sì ni èkejì ń gbà. Ẹni tó bá fi ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láì béèrè owó ibodè ọ̀nà tuntun lè dé ọjà nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ àtẹ mọ́. Iṣẹ́ Althea Gibson, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìtàn rẹ̀ kò rọrùn láti fi kini láyà, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti fi dẹ́rù bani, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ìmọ̀ràn.

Kí ló dé tí ẹni tó ti jọba nínú tẹníìsì fi lọ bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù? Ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Silver, ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń dá oko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Àdúgbò Harlem ní New York ló dàgbà sí. Láti 1947 dé 1956, ọdún mẹ́wàá gbáko, kò sí obìnrin tó gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìdíje tẹníìsì tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fún ara wọn, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun ti ìlẹ̀kùn tiwọn. Nígbà tí ìlẹ̀kùn yẹn ṣí díẹ̀ ní 1950, ó wọlé. Ní 1956 ó gba ife ilẹ̀ Faransé; ní 1957 àti 1958 ó gba ti Wimbledon àti ti Amẹ́ríkà. Ọbabìnrin Elizabeth fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo Wimbledon lé e lọ́wọ́, New York sì tú jáde sí títì láti kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ń gba owó nídìí tẹníìsì kò gbọdọ̀ dé Wimbledon tàbí ìdíje ńlá mìíràn. Ọdún 1968 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà. Nígbà tí 1958 fi máa parí, àwo àti ìwé ìròyìn tí àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló kún ọwọ́ obìnrin tó mọ tẹníìsì gbá jù láyé. Owó ilé kò sí nínú wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. N kò bá ọ̀rọ̀ yẹn jà. Orúkọ dà bí irúgbìn àgbàdo: ó níye lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín kò bá rí ilẹ̀ gbìn ín sí, yíyan ni yóò yan án jẹ. Gibson wá ilẹ̀. Ó kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1959. Lọ́dún yẹn kan náà ó kópa nínú fíìmù The Horse Soldiers tí John Wayne ti ṣeré. Ó bá àwọn Harlem Globetrotters rìn káàkiri, ó ń gbá tẹníìsì fún òǹwòran kí àwọn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tiwọn. Òkìkí ló ń tà nínú gbogbo rẹ̀, òkìkí sì jẹ́ ọjà ẹ̀fọ́, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti rọ. Gọ́ọ̀fù yàtọ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́ ni, tí ó lè dára sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ ní gbangba láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

Àwọn tó ń bá irú ìgbésẹ̀ yìí wí máa ń rántí pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Lójú tèmi, wọ́n ṣi òwe náà lò. Eku méjì tí òwe ń wí ń sá lẹ́ẹ̀kan náà, tọ̀hún gba òkè, tìhín gba ìsàlẹ̀. Gibson ti pa eku àkọ́kọ́, ó ti yan án, ó ti rí i pé egungun ló pọ̀ lára rẹ̀, kó tó gbé kùmọ̀ sí èkejì. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wúlò fún ẹni tó ń ro iṣẹ́ tuntun nìyí: fífi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a kò tíì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí fífi í sílẹ̀ nígbà tí a ti gùn ún dé góńgó tí a sì rí i pé kò sí oúnjẹ lókè níbẹ̀. Kí oníyèméjì wo ẹni tó wà lókè pátápátá nínú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni náà ń jẹ. Bó bá ń jẹun yó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìfaradà ló kù fún ẹni tó ń béèrè. Bí ebi bá ń pa ọ̀gá náà, iṣẹ́ àṣekún kò lè tún un ṣe.

Ní 1964, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, Gibson wọ LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí obìnrin mẹ́tàlá dá sílẹ̀ ní 1950. Ibẹ̀ ni òwe mìíràn ti ń dúró dè é: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ihò méjìdínlógún ni a ń lé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù bá kiri pápá, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ìgbá àkọ́kọ́ lè fò ju igba mítà lọ, tí òǹwòran á pàtẹ́wọ́; ìgbá ìkẹyìn lè má ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, síbẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka àwọn méjèèjì sí. Apá tó le, tí tẹníìsì fún Gibson, ń gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà. Aṣọ nìyẹn. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ tí a fi ń rọra tì í wọ ihò nígbà tí àyà ń já, àkísà ni, ọdún ló sì ń sọ aṣọ di àkísà. Babe Zaharias, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá tó dá LPGA sílẹ̀, náà ti ibòmíràn wá: ó gba góòlù méjì àti fàdákà kan nínú eré sísá, ọ̀kọ̀ jíjù àti fífò ní Òlíḿpíìkì 1932 kó tó di ọ̀gá nínú gọ́ọ̀fù. Àwọn tó ń fi Babe wé Gibson kì í sábà rántí pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré ni Babe nígbà tó gba ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin Texas ní 1935, àti pé kò sí ẹni tó tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni owó ibodè gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, PGA, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọlé, 1961 ni wọ́n tó pa á rẹ́. LPGA kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kù? Pápá ló kù. Pápá kì í ṣe ti LPGA. Ti àwọn ẹgbẹ́ olówó ìlú kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan kò gba Gibson láàyè rárá. Àwọn mìíràn gbà pé kó tẹ koríko wọn ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ilé wọn, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló sì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ilé ìtura kan náà kò fẹ́ rí i. Ẹni tó bá rò pé àbùkù nìkan ni èyí jẹ́ kò tíì ṣírò rẹ̀ tán. Ẹni tí kò rí ibi sùn dáadáa, tí kò jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ bí pápá ṣe rí, tí kò sì lè wọlé nígbàkigbà láti fi ọwọ́ kọ́ ọ, ti pàdánù ìgbá mélòó kan kó tó yọ ọ̀pá jáde nínú àpò. Síbẹ̀, ní 1966 ó wà ní ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n láàrin àwọn tó pa owó jù. Ní 1970, nígbà tó ti lé ní ogójì ọdún, òun àti Mary Mills pẹ̀lú Sandra Haynie jọ ṣe ọgbọọgba ní Columbus, Ohio, wọ́n ní kí wọ́n fi ihò àfikún yanjú rẹ̀. Mills ló gbà á. Ibi tó súnmọ́ ipò kìíní jù nìyẹn. Nínú ìdíje 171 tó kópa, àpapọ̀ owó tó gbà kò tó dọ́là 25,000. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà: kò tó dọ́là 150 lórí ìdíje kan, inú rẹ̀ sì ni owó epo ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ àti owó ẹni tó bá a gbé àpò ọ̀pá ti máa jáde.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ọjọ́ orí ló fà á, pé ká ní ó tètè bẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ti borí. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kó wo Renee Powell, obìnrin aláwọ̀ dúdú kejì tó wọ LPGA, ní 1967. Bàbá rẹ̀, William Powell, ti ogun àgbáyé kejì dé, wọn kò jẹ́ kó gbá gọ́ọ̀fù nílùú tirẹ̀, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ la pápá kan, Clearview, ní East Canton, Ohio. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Renee nígbà tó kọ́kọ́ di ọ̀pá mú. Ó ní àkísà tó pọ̀. Ó kópa nínú ìdíje LPGA tó lé ní 250, kò sì gba ẹyọ kan. Mo gbà pé ẹ̀rí ẹnìkan kò tó dá ẹjọ́, àti pé ọ̀pọ̀ agbá-gọ́ọ̀fù, funfun àti dúdú, ni kì í gba ife láé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Powell, ó di 1995 kí ẹ̀kẹta, LaRee Sugg, tó dé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Ká ní ọjọ́ orí Gibson nìkan ni ìṣòro, àwọn ọmọ tó ń wò ó ì bá ti kún pápá. Ìlẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dé ìlẹ̀kùn náà, pápá tó súnmọ́lé, olùkọ́, owó bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá, kò ṣí. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin òun ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílé, owó tó fi gba olùkọ́ fún un lónìí wúlò ju ìtàn akọni tó ń sọ fún un lọ.

Ní ti ẹni tó ti dàgbà tó sì fẹ́ yí iṣẹ́, Gibson ṣe ohun kan dáadáa, ó sì ṣe ìkan tí n kò ní gbani níyànjú rẹ̀. Èyí tó ṣe dáadáa ni pé kò fi inú òfìfo kọ́ṣẹ́: ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan, Ward Baking Company, ló gbà á gẹ́gẹ́ bí aṣojú nítorí orúkọ tó ní nínú tẹníìsì, owó yẹn ló ń jẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ gọ́ọ̀fù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló san owó ìkọ́ṣẹ́ kejì. Èkejì ni pé ó pẹ́ jù nídìí rẹ̀. Ó ń díje títí di ìgbà tó tó nǹkan bí ọmọ àádọ́ta ọdún, tí owó tó ń wọlé kò sì ju ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n á ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n akólòlò kì í san owó ìwọlé nígbàkigbà tó bá la ẹnu. Kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dá ọjọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún báyìí, bí owó báyìí kò bá wọlé, n ó fi í ṣe eré ìdárayá, n ó sì wá oúnjẹ gba ibòmíràn. Ojú ẹni kì í ríran dáadáa mọ́ nígbà tó bá ti rẹni, ìdí nìyẹn tí a fi ń dá ọjọ́ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí a fi sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí Gibson ń gbá tẹníìsì, Angela Buxton, ọmọ Júù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ pawọ́ pọ̀ gba ife ẹni méjì-méjì ní Wimbledon ní 1956. Àwọn méjèèjì ni àwọn yòókù ń yẹra fún, ẹnìkan nítorí àwọ̀, ẹnìkan nítorí ẹ̀sìn ìdílé rẹ̀. Wọn kò gbàgbé ara wọn. Nígbà tí àìsàn wá dá Gibson dúró ní àwọn ọdún 1990, tí owó ilé àti owó oògùn di ìṣòro, Buxton ló ké sí, Buxton sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn tẹníìsì kan gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Owó ń ti ilẹ̀ lóríṣiríṣi wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rántí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ogójì ọdún ṣáájú, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù kan dọ́là, ìyẹn nǹkan bí ogójì ìlọ́po gbogbo ohun tí gọ́ọ̀fù san fún un.