Àrọ̀ àti Epìyà Nínú Àpótí Gíláàsì Kan
Ẹni tí ó bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà, tí ó rí àrọ̀ láàyè nínú abọ́ olómi díẹ̀ (atẹ́gùn òkè tí ó lè mí sínú ni kò jẹ́ kí ó tètè kú) lẹ́gbẹ̀ẹ́ epìyà, lè rò pé wọn yóò gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀ nínú àpótí gíláàsì. Ṣùgbọ́n àrọ̀, ọdẹ òru tí ń fi irùngbọ̀n wá oúnjẹ, kì í dá ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá ti gbà sí, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tí ó mú kí àwọn olùsìn ẹja máa ṣa ńlá kúrò lára kékeré. Epìyà tí a ń pè ní oníwà tútù pàápàá kò ṣàì ní ìjà tirẹ̀: nígbà ìbísí, akọ a máa gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn, a sì máa lé akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, nítorí àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan ṣoṣo. Ẹni tí yóò dà wọ́n pọ̀, kí ó fún wọn ní àyè gbígbòòrò àti òkúta tí wọn yóò máa sá pamọ́ sí, kí àrọ̀ sì kéré ju epìyà lọ. Nínú adágún ọ̀sìn, ọ̀kánjúwà àrọ̀ yìí gan-an ni ó di àǹfààní, nítorí ó ń jẹ ọmọ epìyà tí ì bá pọ̀ débi tí ìkankan nínú wọn kò ní í tóbi.