Ìdí Eyín Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Kòsọ́fẹ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, tí ẹ gbéra láti Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́ wá tẹ̀dó sí Peckham àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Ìlú Ọba, nínú làálàá wíwá ilé, wíwá iṣẹ́ àti fífi ọmọ sí ilé ìwé, ọ̀ràn kan wà tí àlejò máa ń tì sẹ́yìn: ẹ̀jẹ̀ tó ń bá itọ́ jáde láàárọ̀, tí a da omi lé lórí, tí a ní òtútù ló fà á. Àmì àrùn ẹran ìdí eyín ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni wọ́n ń kóra jọ di ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí eyín àti ẹran ti pàdé. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, a le bí òkúta, agbára búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní í ká a mọ́. Ẹran ibẹ̀ a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí dé ìhín, ó ṣe é wò sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé dé egungun tó di eyín mú, eyín a máa mì, ẹnu a máa rùn, egungun tó bá sì ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò. Dídá àrùn náà dúró ló kù. Kì í sábà dunni, sìgá sì máa ń bo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àtọ̀gbẹ a máa dá kún un.

Àwọn baba wa kì í kí ènìyàn láàárọ̀ láìtíì rún orín. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bí omi orín ilẹ̀ wa ṣe ń bá kòkòrò àrùn jà. Ẹni tó bá gbé orín àtà dání láti ọjà Kétu, kó máa rún un, ṣùgbọ́n kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kún un, ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride tí kò dín ní 1,350 ppm. Kó dagun búrọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹran ti bá eyín pàdé, kó tutọ́ ìfófò dànù láìfi omi yọ ẹnu, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín wọ àárín eyín. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má sá fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí wà.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Owó ìlera tí ẹ san pẹ̀lú físà, 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti oṣù kejì ọdún 2024, kò kó owó dókítà eyín mọ́ra. Ní England, ìpele mẹ́ta ni NHS, ètò ìlera ìjọba, pín owó dókítà eyín sí; ẹ bèèrè èyí tó kàn yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aláboyún àti ìyá tó bímọ láàárín oṣù 12 kì í san kọ́bọ̀. Kò pọn dandan kí dókítà náà wà ládùúgbò yín. Bí ìrora bá sì kọjá ìfaradà, ẹ pe nọ́ńbà 111 ti NHS. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, yóò fi irin tín-ín-rín wọn bí àlàfo àárín ẹran àti eyín ti jìn tó, yóò ha ìdọ̀tí líle náà kúrò. Bí ó bá ti wọlé jìnnà, yóò gún yín lábẹ́rẹ́ kí ẹ má bàa mọ ìrora. Bí àárín eyín bá là lẹ́yìn náà, wíwú ló lọ sílẹ̀. Wọn kò ba eyín yín jẹ́.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹnu yín wò kí ọdún àkọ́kọ́ yín tó parí, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ dùn yín. Kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí tó kù ní Ìkòsí pé eyín tó ń mì lẹ́nu àgbà kì í ṣe ọ̀ràn ọjọ́ orí lásán, àti pé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.