Ìpàdé Tí A Sún Ni Kí Ẹ Fi Dán Kàlẹ́ńdà Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ kan gbọ́ èdè ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ìpè àkọ́kọ́ tàn yín. Ẹ fi ìpàdé ránṣẹ́ láti Outlook sí kàlẹ́ńdà Google, ọjọ́ pé, aago pé, ọwọ́ ti ń yá yín láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ẹ ní sùúrù. Láti 1998 ni ìlànà iCalendar, èdè tí àwọn kàlẹ́ńdà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti wà, wọ́n sì tún un kọ ní 2009 sínú RFC 5545. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ mọ́. Ìgbà tí nǹkan bá yí padà ni àṣìṣe ń jáde.

Ẹ dá ìpàdé ọjọọjọ́ Ajé sílẹ̀. Ẹ sún ọ̀kan péré nínú rẹ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fagi lé òmíràn, kí ẹni tí ẹ pè sì dáhùn láti inú kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ẹ má gba ohun tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà gbọ́. Ẹ ṣí fáìlì .ics tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an. RECURRENCE-ID gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ọjọ́ Ajé tí ìpàdé ti kúrò, kì í ṣe Ìṣẹ́gun tó lọ. Bí UID, àmì ìdánimọ̀ ìpàdé náà, bá yí padà lójú ọ̀nà, ìpàdé kan á di méjì, ẹni tí a pè kò sì ní mọ èyí tí yóò lọ.

Ẹ tún dán Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù wò pọ̀. Aago Èkó kì í yí. Ti Lọ́ńdọ̀nù ń yí ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá. Ìpàdé aago mẹ́wàá Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ́kànlá l'Ékòó ní oṣù kìíní, kó sì di mẹ́wàá ní oṣù kẹrin. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tí Windows ń pe aago Lọ́ńdọ̀nù: "GMT Standard Time". Ẹni tó bá rò pé GMT tí kì í yí ni, wákàtí kan gbáko ni yóò fi ṣì í ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni orúkọ wa. Ìlànà ní kí ìlà kan nínú fáìlì má ju 75 lọ, ṣùgbọ́n báìtì ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà, báìtì márùn-ún sì ni "ọ̀" ń gbà. Ètò tó bá gé ìlà láìwo ibi tó ń gé yóò la lẹ́tà náà sí méjì, orúkọ èèyàn á sì di wúruwùru. Nítorí náà, ẹ fi àkọlé gígùn tó kún fún àmì ohùn dán an wò, kí Adébọ̀wálé dé bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ètò méjèèjì àti abala ìlànà tí wọ́n rú sí i.