Jelly Roll Morton: Ọwọ́ Rẹ̀ Ju Ẹnu Rẹ̀ Lọ

ÌBÉÈRÈ

Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa, orin jáàsì sì ti wọ̀ mí lára láìpẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gbọ́ Jelly Roll Morton, pé òun ló dá jáàsì sílẹ̀. Mo gbọ́ díẹ̀, àmọ́ àwo náà ń hó bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, orin kan ṣoṣo sì ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún oríṣiríṣi. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi sọ? Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́, kí sì ni kí n fetí sí níbẹ̀?

Atẹkíbọ́ọ̀dù, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ mọ́ Morton, ẹnu Morton gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ní 1938, ètò orí rédíò kan ní Amẹ́ríkà pe olórin W. C. Handy ní ẹni tó dá jáàsì àti bùlúùsì sílẹ̀. Inú bí Morton. Ó kọ lẹ́tà gígùn, ìwé ìròyìn Down Beat sì gbé e jáde: ó ní òun lòun dá jáàsì sílẹ̀ ní 1902. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní New Orleans sì rèé, 1890 ló wà níbẹ̀ pé wọ́n bí i. Ọmọdé ọdún méjìlá wo ló fẹ́ dá irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Lákòókò yẹn, Buddy Bolden ti ń fun kọ̀nẹ́ẹ̀tì tí ará ìlú ń jó sí i.

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ìfọ́nnu yìí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú di ohun tí Morton ṣe ní tòótọ́, ohun náà kò sì kéré. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè to jáàsì létòletò sórí ìwé, kí àyè tí olórin fi ń dárà má sì dí. Orin rẹ̀, "Jelly Roll Blues", jáde ní ìwé ní Chicago ní 1915, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé òun ni orin jáàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde.

Ferdinand Joseph LaMothe ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ìdílé Creole ló ti wá. Ó ṣì kéré tó fi ń tẹ píánò nílé àwọn aṣẹ́wó ní Storyville, nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbọ́, wọ́n lé e jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń ti ìlú dé ìlú, tó ń tẹ píánò, tó sì ń ta tẹ́tẹ́. Ó dé Kalifóníà ní 1917, ó sì padà sí Chicago ní 1923. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ní July 1923, ó lọ sí ilé iṣẹ́ Gennett ní Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe píánò Starr ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà wà, lẹ́bàá ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, wọn a dáwọ́ dúró títí yóò fi lọ. Wọn kò tíì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníná: ìwo ńlá kan ló ń gba ohùn, tó ń gbé e lọ sí abẹ́rẹ́ tó ń ya á sára ìda. Ìyẹn wà lára ìdí tí àwo náà fi ń hó létí rẹ. Fara dà á. Níbẹ̀ ló ti dá tẹ "King Porter Stomp", "Grandpa's Spells" àti "The Pearls". Ó tún bá New Orleans Rhythm Kings ṣe àwo níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun, ní ìgbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí dúdú àti funfun jọ ṣe irú rẹ̀.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kí o gbájú mọ́. Ọ̀pọ̀ atẹpíánò ìgbà yẹn kàn ń fi òsì lu ìlù: ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn àárín kan, bẹ́ẹ̀ títí. Morton kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójijì, òsì rẹ̀ a yọ́ gba ìsàlẹ̀ kọjá bí tròǹbóònù, nígbà tí ọ̀tún ń ṣe iṣẹ́ kọ̀nẹ́ẹ̀tì àti kílárínẹ́ẹ̀tì. Odindi ẹgbẹ́ olórin ló ń gbọ́ nínú orí rẹ̀ bó ti ń tẹ̀. Nínú "New Orleans Joys", òsì yìí kan náà yí padà sí ìlù habanera tó ti Havana ní Kúbà wá. Morton a máa sọ pé láìsí adùn Sípéènì bẹ́ẹ̀, jáàsì kò pé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà ló pàdé ní Kúbà, àwọn baba wa wà lára wọn, nítorí náà má sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé tiwa nìkan ni ìlù náà.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fojú hàn ní 15 September 1926, nígbà tí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Red Hot Peppers, wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Victor ní Chicago. Ẹ̀rọ oníná ti dé, ohùn sì mọ́. Gbọ́ "Black Bottom Stomp". Ojú kan àwo kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, síbẹ̀ kò sí ibi tó jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kílárínẹ́ẹ̀tì Omer Simeon gbà á, Morton dá tẹ píánò, kọ̀nẹ́ẹ̀tì George Mitchell wọlé bí àwọn yòókù ti ń lu ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń dákẹ́, báńjò Johnny St. Cyr tẹ̀ lé e, kí gbogbo wọn tó jọ gbé e parí. Wọ́n ti fi gbogbo ìyípadà yẹn dánra wò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú yóò fun ní àyè tirẹ̀, ó fi lé wọn lọ́wọ́.

Victor kò tún àdéhùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn 1930. Nígbà tí "King Porter Stomp" di orin ijó kárí Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin Benny Goodman ní 1935, ìràwọ̀ Morton fúnra rẹ̀ ti wọ̀, kò sì pẹ́ tó fi di atẹpíánò ilé ọtí kékeré kan ní Washington. Ibẹ̀ ni Alan Lomax, akójọ orin ìbílẹ̀, ti mú un lọ sí Library of Congress ní May 1938. Ó jókòó ti píánò, ó sọ̀tàn, ó kọrin, ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Gbogbo rẹ̀ pátá jáde ní 2005. Má ṣe gbé e sókè lójú àwọn àgbà ìjọ o, nítorí orin ilé aṣẹ́wó wà nínú rẹ̀ láìfi bò! Morton kú ní Los Angeles ní 10 July 1941.

Orin kan tí ń jáde léraléra, tí o rò pé ó jẹ́ wàhálà, ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Mú "King Porter Stomp": dídá tẹ̀ 1923, ti 1924 pẹ̀lú kọ̀nẹ́ẹ̀tì King Oliver, ti 1938 lọ́dọ̀ Lomax, àti ti 1939. Gbọ́ wọn tẹ̀léra. Kọ ohun tí kò yí padà sílẹ̀, èyí ni orin tó kọ. Ohun tó ń yí padà ni àrà tó ń dá. Lẹ́yìn náà, fi òsì nìkan tẹ apá ìparí rẹ̀ títí yóò fi dá dúró láìsí ọ̀tún. Bó bá ti yọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kọ̀wé sí mi, kí n tó darí rẹ sọ́dọ̀ atẹpíánò James P. Johnson.