Ẹ má fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ fídíò ọjà yín

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹni tó ń wo fídíò lórí TikTok kì í dúró gbọ́ ìkíni. Ìka rẹ̀ ti wà lójú fóònù, ó fẹ́ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń ta àdìrẹ oníko l'Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ibi tẹ́ ẹ ti ń tú ìko ara aṣọ tó ti inú aró jáde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn. Àwọn èèyàn á dúró wo irú ọnà tó máa yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye owó rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ kọ ọ́ sójú fídíò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Oníbàárà tó bá ti kọjá, owó ọwọ́ rẹ̀ ti bá a lọ.