Oúnjẹ Ilé ní Ẹ̀yìn Odi

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìkòtún, tàbí ní Ìgàndó, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì yóò pẹ́ kí ó tó rí ilé kan tí wọ́n ti ń di ẹrù ọmọ tí ó ń lọ sí ìlú òyìnbó. Èrò pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí, àwọn tí ọmọ wọn wà ní ẹ̀yìn odi kò lè ṣe aláìpọ̀.

Bí ọjọ́ ìrìn àjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ọmọ yóò gbéra, ó di ọjà Ìkòtún. Yóò ra gàrí, yóò ra èlùbọ́, yóò ra ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ, edé, ẹja gbígbẹ àti irú. Nígbà tí ó bá dé ilé, bàbá yóò gbé àpótí ka orí ìwọ̀n, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gbà ju kílò 23 lọ nínú àpótí kan. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá a ní kí wọ́n mú gàrí kúrò kí ìwé lè rí àyè wọlé. Ìyá a dáhùn pé ìwé kún ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n ta ni yóò ta gàrí Ìjẹ̀bú fún ọmọ òun níbẹ̀? Ìyá ni ó sì sábà ń borí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́ tán mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo inú àpótí náà, a ó rí i pé ohun tí ó tutù kò sí níbẹ̀. Iná tàbí oòrùn ti kọjá lára gbogbo wọn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe gàrí, wọ́n bó o, wọ́n rin ín, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n sì gbé ohun wúwo lé e lórí kí omi rẹ̀ lè ro jáde. Májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ ń bá omi náà lọ. Ó kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án nínú agbada. Iṣu tí ó di èlùbọ́ ńkọ́? Wọ́n bó o, wọ́n fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, wọ́n sá a títí ó fi le bí òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àwọn ìyá tí ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ro ti ọkọ̀ òfuurufú rárá. Oṣù tí iṣu bá tán nínú àká ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bàjẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kì yóò bàjẹ́ nínú àpótí.

Ohun tí ó tutù ni ó máa ń kó ìtìjú bá arìnrìn-àjò. Ní ibodè Ìlú Ọba, òfin kò gbà kí ènìyàn mú ẹran tàbí wàrà ti Nàìjíríà wọlé, ì báà ṣe pọ̀ǹmọ́ díẹ̀. Iṣu àti ewé tútù sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé àrùn tàbí kòkòrò kò sí lára wọn. Ẹni tí ó bá fi aṣọ dì ẹran díndín yóò dúró wò ó bí wọ́n ti ń kó o dànù.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó ní àpótí ṣì ní oríire. Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ láìdi ẹrù kankan, nítorí pé ẹrú ni wọ́n kó wọn. Láti ọdún 1808 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba irú wọn sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àjàyí Crowther wà lára wọn. Ọdún 1822 ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nǹkan kan kò sí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọn mọ bí a ti ń lọ ẹ̀wà. Títí di òní, bí ènìyàn bá dé Freetown, yóò gbọ́ àkàrà, yóò gbọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀, yóò gbọ́ àgídí àti ògìrì lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan.

Àwọn tí wọ́n kó dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àkàrà kò sọnù lọ́wọ́ wọn. Ní ìlú Salvador, àwọn obìnrin ń fi aṣọ funfun jókòó ní ìgboro, wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn tí ó ń túmọ̀ orúkọ náà ní “àkàrà” àti “jẹ” ni ó so pọ̀. Oúnjẹ Ọya ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà ibẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó parun. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn.

Ìwé ni àwọn tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn lọ kà. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ọ̀pọ̀ onílé ní ìlú náà ni kì í fẹ́ fi yàrá fún ènìyàn dúdú. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà fi ṣí ilé tirẹ̀ ní Camden ní ọdún 1933, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè sùn, kí ó sì jẹ oúnjẹ tí ó jọ ti ìyá rẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn dá ọgbọ́n púpọ̀. Wọ́n ro ìrẹsì lílọ̀ bí ẹni ro àmàlà, wọ́n fi ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó ṣe iyán, wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ òyìnbó dípò ṣọkọ. Orúkọ ilé ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í bá iyán jà nítorí pé a kò fi odó gún un.

Lónìí, ẹni tí ó bá wọ Rye Lane ní Peckham, tàbí ọjà Ridley Road ní Dalston, yóò rí gàrí, èlùbọ́, ata rodo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí àtẹ. Yóò rí iṣu pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bèèrè ibi tí iṣu náà ti wá, Gánà ni wọn yóò sábà dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó dun ni, nítorí pé Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbin èyí tí ó ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ. Ní oṣù Okúdù ọdún 2017, Audu Ogbeh tí ó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà ṣí kíkó iṣu lọ sí òkèèrè ní Èkó pẹ̀lú ayẹyẹ. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi padà dé pé èyí tí ó lọ sí Amẹ́ríkà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tú u.

Ti ẹ̀wà tilẹ̀ burú ju ti iṣu lọ. Ní oṣù Okúdù ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù, tí Ìlú Ọba ṣì wà lára wọn nígbà náà, fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n bá oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos nínú rẹ̀. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni òfin wọn fàyè gbà; èyí tí wọ́n bá tó 0.03 títí dé 4.6. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin náà sí, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú ní ọdún 2016, wọ́n sì tún sún un síwájú ní ọdún 2019. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹ̀wà ilẹ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lọ̀ fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni ó fi oògùn sí i? Kì í ṣe ọ̀tá. Oníṣòwò tí kò fẹ́ kí kòkòrò jẹ owó òun nínú àpò ni, òtápíápíá ni ó sì rọrùn jù fún un láti rà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn àgbà ń po eérú tàbí ata gbígbẹ mọ́ ọn. Àpò onípele mẹ́ta kan sì wà lóde òní tí a ń dì í pinpin, tí kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú fún àìrí afẹ́fẹ́.

Ìyá tí ó wá ra ẹrù ọmọ rẹ̀ ní ọjà Ìkòtún mọ ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó dúró níwájú àtẹ ẹlẹ́wà.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹlẹ́wà. Ṣé ẹ kò fi nǹkan sí èyí?”

“Èmi kẹ̀? Ọmọ mi ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ bù ú wò.”

Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí imú, ó sì fi ìka tú u. Kòkòrò kékeré méjì ń rìn láàárín rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ní kí wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta fún òun. Ilé ni wọn yóò ti jẹ ẹ́, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò. Kò ní sí ẹ̀wà nínú àpótí náà.